Nọ́ńbà Etí Òkun

Fadérera gbé garawa ìkẹyìn, ó da omi inú rẹ̀ sínú àgbá onígíláàsì tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán, ó sì dúró tì í títí ojú omi fi tòrò. Kò kánjú. Omi tó bá ń mì kò ṣe é fi wọn nǹkan. Nínú iṣẹ́ yìí, omi ni wọ́n fi ń rọ́pò ara ènìyàn, torí pé òun ló pọ̀ jù nínú ara wa. Ohun tí ìtànṣán bá ṣe sí omi inú àgbá lónìí, òun náà ni yóò ṣe sí ọ̀fun aláìsàn lọ́la.

Nígbà tí omi tòrò tán, ó ṣí àpótí pẹlẹbẹ kan, ó mú ago-ìwọ̀n jáde. Ago náà kò ju orí ìka lọ. Ihò ni inú rẹ̀, kò sì sí ohunkóhun nínú ihò náà àfi afẹ́fẹ́. Ó fi ọ̀pá rì í sínú omi dé ibi tí ọ̀fun ìbá wà ká ní ènìyàn ni àgbá náà, ó wá bọ́ sẹ́yìn ògiri òjé.

"Ta ló dúró fún mi?" ni ẹ̀rọ náà bèèrè. Ohùn obìnrin àgbàlagbà ni wọ́n fún un, ohùn ẹni tí kò fẹ́ràn àwàdà.

"Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà ló ṣì dúró fún ọ. Èmi Fadérera, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ọdún ìkẹyìn, ló fẹ́ wọ̀n ọ́ lónìí, kí n lè gba ìdúró lọ́wọ́ wọn, kí n di onídùúró rẹ."

"Wọ̀n mí. Bí o bá mọ̀ mí, màá gba ọwọ́ rẹ."

Láti inú gbohùngbohùn ara ògiri, Ohùn Ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn ènìyàn bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ etí òkun. Omi ń kún bọ̀; ẹni tó bá ní ọkọ̀, kó fà á gun iyanrìn. Ìwúwo afẹ́fẹ́ ní etí òkun lónìí…" Ó ka nọ́ńbà kan. Fadérera tẹ nọ́ńbà náà sínú ẹ̀rọ, bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Kò sí òkun nítòsí. Orí àpáta ni ìlú Òkè-Ìsádi wà, lókè réré, níbi tí ìkùukùu ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Òkun ti gbé ìlú àwọn òbí wọn mì kí wọ́n tó bí Fadérera. Àwọn tó sá gun òkè ló ṣe òfin pé kí Ohùn Ìlú máa ka ìkún omi àti ìwúwo afẹ́fẹ́ etí òkun lójoojúmọ́ ayé, kó má sì ka ti ibòmíràn, kí àwọn ọmọ má baà gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ á dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kà á. Fadérera náà dákẹ́.

Ìtànṣán wọ inú omi. Kò dún, kò tàn. Nọ́ńbà yọ lójú gíláàsì. Ó tún un wọ̀n, ó tún un wọ̀n. Nọ́ńbà náà jọ èyí tí Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà ti ń rí láti ọdún púpọ̀ wá bí ìbejì ṣe ń jọ ara wọn.

"O mọ̀ mí," ni ẹ̀rọ wí. "Kí onídùúró mi wá jẹ́rìí, kí n gba ọwọ́ rẹ."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó dúró díẹ̀ bóyá ayọ̀ náà yóò dé. Kò dé. Láti ìgbà tí jẹjẹrẹ ti mú ìyá rẹ̀ lọ́fun, tí ẹ̀rọ yìí kan náà pa jẹjẹrẹ ọ̀hún tó sì jó ohùn ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, ọkàn Fadérera ti dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú. Ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Bí a bá gún un labẹ́rẹ́, kò ní mọ̀.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó jáde.

Ìyá Alárenà ti jókòó dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo iléeṣẹ́ tó bá ń wá ọmọ físíìsì ló máa ń rán alárenà wá bá àwọn ọdún ìkẹyìn, bí ìdílé ṣe ń rán alárenà lọ wá ìyàwó. Oko Oòrùn ló rán eléyìí, àwọn tó tẹ́ gíláàsì agboòrùn sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ títí dé ibi tí ojú kò rí mọ́. Gèlè rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.

"Ìyàwó wa!" ni obìnrin náà kígbe. "Ìyàwó tí kò fẹ́ wọlé ọkọ!"

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ti sọ pé níbí ni mo fẹ́ dúró."

"Gbogbo ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀." Ó fi ọwọ́ lu àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Jókòó. Ṣé o ò mọ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti lọ tán ni? Ẹni tó gùn bí òpó yẹn, báńkì ti gbé e. Ó ń bá wọn ṣírò ewu tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Èyí tó máa ń kọrin yẹn, àwọn tó ń wá omi lábẹ́ àpáta ló mú un, wọ́n ní etí rẹ̀ mọ ohùn òkúta. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ń bá sátẹ́láìtì wí lójoojúmọ́ bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Èyí tó kéré jù ti padà lọ sí kíláàsì, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Físíìsì kan ṣoṣo lẹ jọ kọ́, ẹ wá fọ́n ká bí ìrẹsì tí àpò rẹ̀ ya!"

Fadérera rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, mà. Wọ́n ń wọn nǹkan, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ìwọ̀n náà tọ́."

"Bí kò bá tọ́ ńkọ́?" Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Níbí, ìwọ nìkan lo máa jìyà ẹ̀. O mọ ohun tó ń dé bá onídùúró tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tọ́. Ẹ̀rọ kankan ò ní dá a lóhùn mọ́ títí ayé. Ilẹ̀kùn ò ní ṣí fún un, àtùpà ò ní tàn fún un. Ní Oko Oòrùn, a pọ̀ tí a jọ ń dúró fún ẹ̀rọ kan. Bí ó bá burú, ẹjọ́ náà á sẹ̀ sórí gbogbo wa bí ìrì. Kò sẹ́ni tó máa tutù dé egungun."

Ó fa aṣọ ìnujú kan yọ, aláwọ̀ ìyeyè bíi gèlè rẹ̀, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ Fadérera. "So ó mọ́ ọrùn ọwọ́ kí oòrùn tó wọ̀, o ti di tiwa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ọmọ mi, ó ju èje lọ."

Fadérera dúpẹ́, ó ká aṣọ náà sínú àpò. Ọ̀rọ̀ obìnrin náà kò ní irọ́ nínú. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò dùn ún, kò sì wù ú. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi ìdáná.

Ìyá rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn náà láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti yá. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ju kó rọra fi èémí gbé e jáde, nítorí náà àwo àti ìgbákọ ló ń bá a sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá Kòléoṣó jókòó ti ààrò. Apẹja ni bàbá náà nígbà tí ẹja ṣì wà nítòsí. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló gbé e wá, ọ̀la sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ.

"Tíṣà kékeré," ni bàbá náà wí, "ṣé ẹ ti bọ́ ẹranko yín yó?"

"Ó ti yó, Bàbá. Ẹ̀yin ló kù tí ẹ ò tíì yó."

"Níbo ni màá ti yó? Ẹ̀wà ìyá rẹ nìyí láti àárọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti kì í, kò rọ̀. Ní etí òkun, a ó gbé ẹ̀wà kaná, kí á tó tún ojú àwọ̀n kan ṣe, ó ti jinná. Ṣùgbọ́n ti òkè yìí, ṣe ni yóò máa wò ọ́ lójú. Agídí ni."

Ìyá Fadérera gbé òkúta ńlá kan lé orí ìdérí ìkòkò, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Omi òkè ni," ó mí ọ̀rọ̀ náà jáde. "Ó ń hó. Kò gbóná."

"Ẹ gbọ́ nǹkan! Omi wo ló ń hó tí kò gbóná?"

"Òótọ́ ni wọ́n sọ, Bàbá," ni Fadérera wí. Ohùn tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ló bọ́ sí i lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ènìyàn díẹ̀, nítorí bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ nìkan ló kù tó ṣì ń jí i. "Afẹ́fẹ́ ló ń tẹ omi lórí. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ wúwo, ó tẹ omi dáadáa, omi ò ní rí ààyè hó títí yóò fi gbóná gan-an. Níbí, afẹ́fẹ́ fúyẹ́. Omi á tètè hó kí ooru rẹ̀ tó pé. Òkúta tí Màmá gbé lé ìdérí yẹn, iṣẹ́ afẹ́fẹ́ ló ń ṣe. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ fúyẹ́…"

Ó gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.

"Ó fúyẹ́, àwa ti gbọ́," ni Bàbá Kòléoṣó wí. "Máa bá a lọ, tíṣà."

Ṣùgbọ́n Fadérera ń wo ago-ìwọ̀n nínú orí rẹ̀, ihò kékeré yẹn àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ìtànṣán máa ń fa afẹ́fẹ́ inú ago ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ago á sì ka iye èyí tó ya. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ agbára ìtànṣán. Bí afẹ́fẹ́ bá fúyẹ́, èyí tó wà níbẹ̀ láti ya kò pọ̀, ago á sì rò pé ìtànṣán ló kéré. Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ìwúwo afẹ́fẹ́ fún ẹ̀rọ, kó lè fi tún ìṣirò ṣe. Kí ni òun sọ fún un láàárọ̀ yìí? Kí ni Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà ń sọ fún un láti ọdún púpọ̀ wá? Wọ́n sọ fún un pé etí òkun ló wà. Ẹ̀rọ náà sì gbọ́ràn. Ó rò pé ìtànṣán òun kò tó, ó sì fi kún un.

Ó yí ojú sí ìyá rẹ̀. Awọ ọrùn rẹ̀ dúdú, ó le, ó sì fà bí ìdí ìkòkò tí iná ti jó. Wọ́n ní ara rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Fadérera dúró kí ìbínú dé. Ìbínú náà kò dé.

"Màmá," ó wí, "rọ́bà tí ẹ fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ dà?"

Rọ́bà gígùn gbọọrọ ni, irú èyí tí a lè rí omi inú rẹ̀. Fadérera se omi kó lè lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó jẹ́ kó tutù, ó wá rọ ọ́ sínú rọ́bà díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ó fi kọ́ọ̀kì dí ẹnu kan, ó yọ́ àbẹ́là lé e kí afẹ́fẹ́ má baà yọ́ wọlé. Ó ní kí Bàbá Kòléoṣó fi àtàǹpàkò dí ẹnu kejì, kó tẹ̀ ẹ́ rì sínú garawa omi nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, èyí tó gùn dé òrùlé.

"Ṣé ẹja la fẹ́ mú?" ni bàbá náà bèèrè.

"Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá. A fẹ́ gbé e lé òṣùwọ̀n."

"Mo ti mú ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ṣírò ibi tó yẹ kí omi dúró sí bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni nọ́ńbà Ohùn Ìlú níbí. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ojú omi garawa lọ sókè. Kò sí ohun tí yóò fi sàmì síbẹ̀, ló bá yọ aṣọ ìnujú Ìyá Alárenà, ó so ó mọ́ irin àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà, ó fa ẹnu rọ́bà tó dí gòkè, ó gòkè kọjá aṣọ náà dé òrùlé, ó sì so ó mọ́ ibẹ̀.

"Ẹ yọ àtàǹpàkò!"

Omi inú rọ́bà já wálẹ̀ lójijì, ó fi òfìfo sílẹ̀ lókè. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń mì, ó ń mì, títí ó fi rí ibi tí agbára rẹ̀ àti ti afẹ́fẹ́ ti dọ́gba, ó sì dúró. Fadérera sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó tún ibẹ̀ wò. Ó fi ìka lé e.

"Ó ti kọjá aṣọ yẹn!" ni Bàbá Kòléoṣó kígbe látìsàlẹ̀. "Ìsàlẹ̀ aṣọ ló dúró sí! Fà á sókè!"

"Kò ní gòkè, Bàbá. Ibi tí agbára afẹ́fẹ́ wa mọ nìyẹn."

Láti ibi aṣọ sí ojú omi inú rọ́bà tó gíga ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé. Ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó ṣeé ṣe kó lé díẹ̀.

Ó ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà dé láti wá jẹ́rìí. Ọkùnrin gíga kan ni, ewú ti bo orí rẹ̀, òrùka irin onídùúró sì wà ní ìka rẹ̀ láti ìgbà tí Fadérera ti mọ̀ ọ́n. Òun ló kọ́ ọ láti ọdún kìn-ín-ní. Ó wo garawa. Ó fi ojú tọ rọ́bà lọ sókè. Ó wo omi, ó wo aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Kò bèèrè ohun tó jẹ́.

"Ta ló kọ́ ọ lẹ́yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ní ẹni tí kò bá gba ẹnikẹ́ni gbọ́, kó lọ fi rọ́bà wọ̀n ọ́n."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́." Ó gun àtẹ̀gùn náà ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìdá mélòó?"

"Ìdá kan nínú mẹ́wàá, sà."

Ó di irin àtẹ̀gùn mú. "Òkun yẹn ló gbé ìyá mi lọ. Láràárọ̀ tí Ohùn bá ka nọ́ńbà, mo máa ń dìde dúró. Mo ń kà á kí n má baà gbàgbé etí òkun, Rera. Mo wá gbàgbé pé orí òkè ni mo wà."

Fadérera sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn kí olùkọ́ rẹ̀ lè ráyè dúró.

"Gbọ́," ni Ọ̀mọ̀wé wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ọ̀nà kan wà. Gba ìdúró lónìí pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́. Lẹ́yìn náà, máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lára aláìsàn kan sí òmíràn. Bí ìyàtọ̀ bá kéré, ẹ̀rọ kì í bèèrè ìdí. Kí ọdún tó yípo, nọ́ńbà ti tọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìwọ á ní òrùka, èmi á lọ jókòó sílé mi, ilẹ̀kùn á máa ṣí fún mi."

Nísàlẹ̀, Bàbá Kòléoṣó ń fún omi kúrò lára apá aṣọ rẹ̀, ó ń sọ fún ìyá Fadérera pé òun nìkan ni apẹja tó tíì fi àtàǹpàkò mú afẹ́fẹ́.

"Bàbá yẹn ńkọ́, sà?" ni Fadérera bèèrè. "Ọ̀la ni tiwọn. Èwo nínú díẹ̀díẹ̀ yẹn ló máa kan ọ̀fun wọn?"

Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà wo bàbá náà. Ó wo obìnrin tó ń bá a rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Ó bojú fún ìgbà díẹ̀.

"Jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n dáadáa," ó wí níkẹyìn. "Ọwọ́ kan kò lè di ọ̀pá yẹn mú kó má mì."

Àwọn méjèèjì padà sídìí àgbá. Ọ̀mọ̀wé di ọ̀pá mú, Fadérera ri ago sínú omi. Ó fi nọ́ńbà òkè sínú ẹ̀rọ, nọ́ńbà tí rọ́bà sọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún un wọ̀n. Ọ̀mọ̀wé ní kó gbé ago wá sókè díẹ̀, ó gbé e. Ó ní kó dúró kí omi tòrò, ó dúró. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò rò pé ẹ̀kọ́ lásán ni wọ́n ń ṣe. Bóyá ẹ̀kọ́ náà sì ni. Nígbà tí wọ́n parí, nọ́ńbà tuntun wà lójú gíláàsì, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀.

"Nọ́ńbà yìí yàtọ̀ gan-an," ni ẹ̀rọ wí. "O mọ̀ mí ju bí mo ṣe mọ ara mi lọ. Ẹni tó dúró fún mi tẹ́lẹ̀, ṣé ìwọ̀n rẹ̀ tọ́?"

Fadérera wo olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ń wo omi.

"Kò tọ́," ni Fadérera wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

"Gbé ọwọ́ wá."

Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ irin tútù náà. Ní ìka Ọ̀mọ̀wé, òrùka irin dá ara rẹ̀ ṣí, ó já bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àgbá. Ó kéré ju bó ṣe máa ń rí ní ìka rẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó nù ún, ó fi í sí ìka akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n," ó wí. "Jẹ́ kí wọ́n máa fi rọ́bà yẹn wọ̀n ọ́n. Má jẹ́ kí wọ́n tú u."

Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn láti jáde. Ilẹ̀kùn náà kò dá a lóhùn. Ó dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn ilé àna. Fadérera lọ bá a, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olùkọ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ máa bọ̀, sà."

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwo lọ́wọ́. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà ṣí fìlà.

"Ìyá Fadérera," ó wí. "Èmi ni mo jó yín."

Obìnrin náà wò ó. Ó fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀, bí ẹni fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ni ìyá rẹ̀ mí jáde.

Ọkùnrin náà di fìlà rẹ̀ mú mọ́ àyà.

"Ẹ̀wà ti fẹ́ rọ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì bojú wẹ̀yìn kó lè rí i pé Ọ̀mọ̀wé ń tẹ̀lé òun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fadérera lọ tú aṣọ Ìyá Alárenà kúrò lára irin, ó fọ̀ ọ́, ó fi í ránṣẹ́ padà. Rọ́bà kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn àríyànjiyàn púpọ̀, àwọn àgbà ìlú gbà pé kí Ohùn Ìlú fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nísinsìnyí, bó bá ti ka nọ́ńbà etí òkun tán, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní, "Níbi tí ẹ wà gan-an…" á sì ka èyí tí rọ́bà sọ. Àwọn arúgbó kan kì í dákẹ́ fún nọ́ńbà kejì. Àwọn tí awọ wọn ti jó ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá bi Fadérera léèrè, ó sì ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn bó ṣe rí, nítorí pé iṣẹ́ onídùúró náà nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá rẹ̀ á ká apá aṣọ, á lọ sí ilé Ọ̀mọ̀wé Olúgúnnà, á gbé ọwọ́ lé àtùpà ibẹ̀ kó lè tàn, á sì padà wálé. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é.

Nígbà tí ìtọ́jú Bàbá Kòléoṣó parí, Fadérera lọ bá a níbi ìdáná. Ọrùn bàbá náà pọ́n díẹ̀, kò bó, kò sì dúdú. Ìyá Fadérera gbé òkúta kúrò lórí ìdérí, ó bu ẹ̀wà sínú àwo, ó gbé e síwájú bàbá náà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ti ògì tirẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo tí ọ̀fun rẹ̀ ń gbà.

Bàbá Kòléoṣó bu ẹ̀wà sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, ó fajú ro.

"Agídí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dún ketekete ká gbogbo ibi ìdáná.

Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo ọ̀fun rẹ̀. Fadérera ń yí òrùka irin lórí ìka rẹ̀, ó sì tutù. Bàbá náà gbé e mì.